Ìwé Ìbí Ń Pọ̀ Sí I, Ìwé Ikú Dà?

Nígbà tí wọ́n ka àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́dún 2006, ìjọba àpapọ̀ ní èèyàn 633,009 ló ń gbé ní ìjọba ìbílẹ̀ Mushin nílùú Èkó. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ka tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó ní 1,321,517 ni wọ́n. Òpópónà kan náà ni, ilé kan náà, ọdún kan náà, síbẹ̀ oǹkà kejì ju ìlọ́po méjì ti àkọ́kọ́ lọ. Owó ló sì mú kí ọ̀rọ̀ náà korò: nígbà tí wọ́n bá ń pín owó àpapọ̀ láàárín àwọn ìpínlẹ̀, ìdá 30 nínú 100 rẹ̀ ni wọ́n ń fi iye èèyàn pín, nítorí náà kò sí orí tí wọ́n kà tí kò ní náírà lára. Ìkànìyàn tí ì bá parí àríyànjiyàn náà, tí wọ́n dá oṣù karùn-ún ọdún 2023 fún, wọ́n sún un síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀. Gbogbo wa la wá ń pariwo ìkànìyàn, ìkànìyàn. Èrò tèmi ni pé ìkànìyàn kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ máa béèrè. Ìwé ojoojúmọ́ ni: ta ni wọ́n bí ní Mushin lánàá, ta ló gbéyàwó, ta ló kú. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé òkú ló ṣe pàtàkì jù lójú tèmi, òun náà la sì pa tì jù.

Ẹ wo oníṣòwò pátì ọkọ̀ ní ọjà Ládípò, ní Mushin níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń ka ẹrù inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tí kì í kọ èyí tó wọlé tàbí èyí tó jáde sílẹ̀, lọ́jọ́ tó bá kà á tán, ta ni yóò sọ fún un bóyá oǹkà rẹ̀ péye tàbí ọmọọṣẹ́ ti jí níbẹ̀? Bí a ṣe ń ṣe Nàìjíríà nìyẹn. A kà ní 1991, ó di 2006, láti 2006 a ṣì ń retí. Ẹni tó bá ní ìwé ojoojúmọ́ lọ́wọ́ ló lè fi yẹ ìkànìyàn wò. Ká fi Mushin ṣe ìṣirò fún àpẹẹrẹ lásán: bí a bá gbà pé ọmọ 30 ni wọ́n ń bí lọ́dún láàárín èèyàn 1,000, Mushin tó ní 633,009 èèyàn yóò bí nǹkan bí 19,000 ọmọ lọ́dún, Mushin tó ní 1,321,517 yóò sì bí ohun tó sún mọ́ 40,000. Ó lé ní ọmọ 20,000 tó fi ya ara wọn, lọ́dọọdún. Ọmọ ọwọ́ tó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè fi pamọ́ sábẹ́ ẹní, bẹ́ẹ̀ ni olóṣèlú kò lè fẹnu dá wọn. Wọn á gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, wọn á jókòó lórí bẹ́ńṣì ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo mọ̀ pé Mushin kì í ṣe agbo ilé tí ogiri yí ká. Àwọn èèyàn ń kó wọlé láti Ọ̀ṣun àti Ọ̀yọ́, àwọn mìíràn ń kó jáde lọ sí Ọ̀tà nígbà tí owó ilé bá ju agbára wọn lọ, ìwé ìbí àti ikú nìkan kò sì lè sọ iye àwọn wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n yóò sọ èyí tó jìnnà sí òótọ́ jù nínú oǹkà méjèèjì.

A kò lè sọ pé a kò ṣe nǹkan kan. Ìwádìí ìlera tí wọ́n ṣe jákèjádò orílẹ̀-èdè ní 2018 fi hàn pé ìdá 43 nínú 100 àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún ni orúkọ wọn wà nínú ìwé ìjọba. Nígbà tó di 2021, ìwádìí mìíràn rí i pé ó ti di 57. Kí ló gbé e gòkè? Kì í ṣe pé a ṣàdédé fẹ́ràn oǹkà. Ilé ìwé ń béèrè ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí, ọ́fíìsì ìwé ìrìnnà ń béèrè, òyìnbó tó ń fún ni ní físà ń béèrè. Ìyá tó bá mọ̀ pé wọ́n á dá ọmọ òun padà lẹ́nu ọ̀nà yóò wá àyè lọ gba ìwé. Ikú kò ní ẹnu ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fi owó sílẹ̀ ní báńkì, tàbí tó ní ilé tó ní ìwé, tàbí tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì, ìyẹn ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò sáré wá ìwé ẹ̀rí ikú fún. Ìyá alátẹ ní ọjà Ojúwòyè, tí gbogbo ogún rẹ̀ kò ju owó tó wà lọ́wọ́ alájọ àti aṣọ inú àpótí lọ, kí ni àwọn ọmọ rẹ̀ fẹ́ fi ìwé náà ṣe? Ọmọ tuntun tó kú ní ọjọ́ kẹta, kó tó gba orúkọ, kò ní ìwé ìbí, kò ní ìwé ikú. Lójú ìjọba, kò wá sáyé rárá. Báyìí ni ìwé òkú wa ṣe di ìwé àwọn tó fi ohun ìní sílẹ̀. Ẹni tó bá gbé e síwájú tó fẹ́ fi mọ ohun tó ń pa àwọn ará Mushin, ohun tó ń pa àwọn olówó báńkì ibẹ̀ nìkan ni yóò rí.

Yorùbá kò ṣàìmọ ohun tí àkọsílẹ̀ ikú jẹ́ kí òyìnbó tó dé. Orúkọ la fi ń kọ ọ́. Ilé tí Málọmọ́, Kòkúmọ́ tàbí Dúrósinmi bá wà, àlejò tó gbọ́ orúkọ náà ti mọ̀ pé ọmọ ti kú níbẹ̀ rí, bóyá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Kòsọ́kọ́, pé kò sí ọkọ́ tí a ó fi gbẹ́ ilẹ̀ mọ́, ọba Èkó kan jẹ́ ẹ. Igbẹ́kọ̀yí ń sọ ibi tí wọ́n ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ. Babátúndé àti Yétúndé ń sọ ti àgbàlagbà tó ti lọ kí ọmọ tó dé. Àkọsílẹ̀ tí kò ní nọ́ńbà ni, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kì í jẹ́ kí ọmọ tó kú lọ láìsí ẹni tó máa mọ̀ pé ó wá. Nítorí náà, nígbà tí ẹnìkan bá dìde pé a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, tó fẹ́ fi sọ pé àṣà wa kórìíra kíkà, kò wo àṣà náà dé ìdí. Ìlara ni èèwọ̀ yẹn ń dènà, kí ará ìta má baà máa nàka sí ọmọ ọlọ́mọ lójú rẹ̀. Kò ní kí ìyá má mọ iye ọmọ tó bí àti iye tó kù fún un, ìyá wo ni kò sì mọ̀ ọ́n? Iyì tí a ń jẹ lórí ìbejì gan-an, kíkà ló fún wa. Láàárín ọdún 1960 sí 1970, dókítà kan tó ń jẹ́ Patrick Nylander jókòó ti àkọsílẹ̀ ìbí ní Ìbàdàn àti Igbó-Ọrà, ó rí i pé nínú ìgbà 1,000 tí àwọn obìnrin bímọ, nǹkan bí 45 ló jẹ́ ìbejì. Igbó-Ọrà ti ń fi èyí ṣọdún báyìí. Bí kò bá sí ẹni tó kọ ọ́ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ìyangàn lásán ni ayé ì bá pè é.

Ohun tí àìsí ìwé òkú ń ná wa, Kano fi hàn wá ní 2020. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nígbà tí kòrónà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ràn, àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ní ìtẹ́ òkú ló kọ́kọ́ ké gbàjarè pé òkú tí àwọn ń sin lójúmọ́ ti pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Kì í ṣe ilé ìwòsàn, kì í ṣe ọ́fíìsì ìjọba. Àríyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀, wọ́n ní ibà ni, àwọn kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru, àwọn kan ní àhesọ ni. Ìgbà tí ikọ̀ tí ìjọba àpapọ̀ rán lọ jábọ̀ ní oṣù kẹfà la tó gbọ́ pé èèyàn 979 ló kú ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́jọ tó wà láàárín ìlú, pé ó tó 43 lójúmọ́, pé ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kẹrin ló le jù, àti pé ó ti wálẹ̀ sí 11 lójúmọ́ nígbà tí oṣù karùn-ún fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ tún ọjọ́ náà wò. Ikú ti rọlẹ̀ fún oṣù kan kí ìròyìn tó dé. Bí ìwé bá wà tó ń sọ iye tí wọ́n ń sin lójúmọ́ ní oṣù kìíní àti ìkejì, ọjọ́ kẹta tí òkú pọ̀ sí i ni ìlú ì bá ti mọ̀. Ìkìlọ̀ yẹn, ẹni tó ń gbẹ́ ilẹ̀ ló fún wa, láìgba kọ́bọ̀, nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti bó. Ìlú Èkó tó ju ìlú Kano lọ fún èrò kò ní ohun tó sàn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìṣòro kan tún wà tí àwọn aṣòfin kì í sábà rò dé: ibo ni wọ́n ó kọ èèyàn sí? Aboyún tó ń gbé ní Mushin lè lọ bímọ sí ilé ìwòsàn Island Maternity ní Lagos Island, tàbí kó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú. Bí ibi tí ọmọ ti fojú kan ayé nìkan ni wọ́n bá kọ, ìjọba ìbílẹ̀ Lagos Island, tí kò ju nǹkan bí 209,000 èèyàn lọ nínú oǹkà ìjọba àpapọ̀ ní 2006, yóò dà bí ibi tí gbogbo obìnrin ti ń bímọ lọ́dọọdún, Mushin yóò sì dà bí ìlú àgàn. Ti òkú tún burú ju bẹ́ẹ̀. Mùsùlùmí tó kú láàárọ̀, wọ́n lè ti sin ín kí oòrùn tó wọ̀. Onígbàgbọ́ lè wà ní mọ́ṣúárì títí ẹbí yóò fi rí owó aṣọ àti ti màlúù, lẹ́yìn náà ọkọ̀ á gbé e lọ sí Iléṣà, wọ́n á sin ín sí iwájú ilé bàbá rẹ̀. Mushin ló kú sí, Iléṣà ló sùn sí, kò sì sí nínú ìwé ibì kankan nínú méjèèjì. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé àwọn olùdìbò, ó ń retí ọjọ́ ìdìbò pẹ̀lú wa. Àwọn àgbàlagbà tó ṣì wà láàyè ẹ̀wẹ̀ la ń pè jáde kí wọ́n wá fojú ara wọn han ọ́fíìsì owó ìfẹ̀yìntì pé àwọn kò tíì kú. Bí òkú bá wà nínú ìwé, kí ni alààyè tún fẹ́ wá jẹ́rìí sí?

Ti ìgbéyàwó, n kò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Òfin ìgbéyàwó ti dé Èkó láti 1884, ìwé sì wà fún àwọn tó ṣe é ní rẹ́jísírì tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì tó ní àṣẹ. Yìgì tí wọ́n so níwájú àwọn àáfà àti ìdána tí ẹbí méjì fọwọ́ sí kì í sí nínú ìwé náà, àfi bí tọkọtaya bá tún padà lọ sí rẹ́jísírì. Iye tí ọ́fíìsì bá ní lọ́wọ́ kò lè sọ iye ẹni tó fẹ́ra ní Mushin nígbà náà. Iye ẹni tó nílò ìwé ló ń sọ. Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé ìtúká ní àkọsílẹ̀ ju ìsopọ̀ lọ: ìgbéyàwó ìbílẹ̀ tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan lọ́jọ́ tí wọ́n jẹ ìrẹsì rẹ̀, ọjọ́ tí tọkọtaya bá dúró níwájú kóòtù ìbílẹ̀ bíi ti Màpó n'Íbàdàn láti kọ ara wọn ni yóò tó di ohun tí akọ̀wé kọ sílẹ̀.

Ta ló yẹ kó ṣe iṣẹ́ náà? Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999 gbé e fún ẹni méjì. Àfikún kẹrin rẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ìbí, ikú àti ìgbéyàwó mọ́ iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀, àfikún kẹta sì fún Àjọ Ìkànìyàn, NPC, láṣẹ láti máa kọ ìbí àti ikú káàkiri orílẹ̀-èdè, lẹ́yìn tí òfin ọdún 1992 ti sọ ọ́ di dandan. Ní Mushin ọ̀rọ̀ náà tún ní ẹlẹ́kẹta, nítorí Odi-Olówó/Ojúwòyè wà níbẹ̀, ọ̀kan nínú àgbègbè ìdàgbàsókè ìjọba ìbílẹ̀ (LCDA) mẹ́tàdínlógójì tí ìpínlẹ̀ Èkó dá sílẹ̀ tí ìwé òfin kò dárúkọ. Lórí ìgbéyàwó, àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ti gbé ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ abẹ́lé lọ sí kóòtù lórí ẹni tó láṣẹ láti so tọkọtaya pọ̀ ní rẹ́jísírì Ìkòyí. Ẹ kíyè sí i pé ibi tí owó ìwé wà ni ìjà dé. Mi ò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́ nítorí pé ó fẹ́ràn àtikọ òkú sílẹ̀ jù. Lójú tèmi, ìjọba ìbílẹ̀ ló yẹ kó máa kó orúkọ jọ, nítorí òun ló mọ ojúlé, kí NPC sì máa tọ́jú ìwé ńlá kí ẹnikẹ́ni má baà fi kún tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti ní ní oṣù keje ọdún 2024 pé kí owó àwọn ìjọba ìbílẹ̀ máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Àwíjàre àìsí owó kò lágbára tó ti tẹ́lẹ̀ mọ́.

Àwọn kan yóò ní ìwádìí ìlera tí wọ́n ń ṣe láàárín ọdún mélòó kan ti tó, kí ni a tún fẹ́ fi ìwé àdúgbò ṣe? Ìwádìí yẹn dára, òun ni mo ti mú oǹkà 43 tí mo lò lókè yìí. Òun náà ló sọ ní 2018 pé ọmọ 132 nínú 1,000 ni kì í pé ọdún márùn-ún kó tó kú ní Nàìjíríà, tó tún sọ ọ́ di 110 nígbà tí wọ́n ṣe òmíràn ní 2023 sí 2024. Ṣùgbọ́n agbo ilé díẹ̀ ni wọ́n ń ṣà wò. Ó lè sọ ti orílẹ̀-èdè, ó lè sọ ti ìpínlẹ̀, kò lè sọ ti Mushin, ká má tíì wá sọ pé òpópónà kan ti ń pàdánù ọmọ ju èyí tó tẹ̀ lé e lọ nítorí kàǹga tí wọ́n ń pọn. Àwọn mìíràn yóò ní ẹ̀rọ ti dé, pé Ààrẹ Tinubu ti ṣí ètò àkọsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà ní oṣù kọkànlá ọdún 2023. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ kọ̀ǹpútà kì í dìde lọ sí ìtẹ́ òkú. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò bá fi sínú rẹ̀, kò ní í mọ̀ ọ́n.

Àtakò tó wúwo jù lọ ni ti àwọn tó ń bẹ̀rù ìjọba fúnra rẹ̀, n kò sì ní fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Àjàkálẹ̀ àrùn eku tó wọ Èkó ní 1924 ló bí ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú tí ìjọba amúnisìn dá sílẹ̀ ní 1928, ìgbìmọ̀ yẹn kan náà ló sì padà wá wó ilé àwọn ọmọ onílẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955 lọ, tó kó wọn lọ sí Sùúrùlérè. Ẹni tí bàbá rẹ̀ rí èyí, tó bá ń ṣiyè méjì nígbà tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dé pẹ̀lú bírò àti ìwé, kò ya dìndìnrìn. Ìdáhùn mi ni pé ìjọba tó fẹ́ wólé kò nílò ìwé òkú. Ilé ló ń wò, kì í béèrè ẹni tó kú nínú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò ló nílò ìwé náà láti fi bá ìjọba jà. Àdúgbò tó lè fi àkọsílẹ̀ hàn pé ọmọ mẹ́wàá kú láàárín oṣù méjì lẹ́yìn òjò, ẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fún omi ẹ̀rọ yàtọ̀ sí ti àdúgbò tó kàn ń sunkún. Kí orúkọ wà ní ìkọ̀kọ̀, kí oǹkà wà ní gbangba: kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ìjọba ìbílẹ̀ lóṣooṣù, ìbí mélòó, ikú mélòó, ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Ibi tí iṣẹ́ náà yóò ti bẹ̀rẹ̀ kò farasin. Ìwádìí 2018 yẹn sọ pé ìdá 39 péré nínú 100 ìbí ló ṣẹlẹ̀ ní ilé ìwòsàn ní Nàìjíríà. Ti Èkó ju bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ àwọn agbẹ̀bí àti ilé ìgbẹ̀bí ìjọ àdúrà ṣì ń gba ọmọ. Àwọn wọ̀nyí ló yẹ kí ìjọba fún ní ìwé, kó sì máa san owó kékeré fún wọn lórí orúkọ kọ̀ọ̀kan. Kó ṣe bákan náà fún àwọn tó ń gbẹ́ ilẹ̀, àwọn àáfà tó ń wẹ òkú àti àwọn tó ń ṣọ́ mọ́ṣúárì, kó má sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹbí. Wọ́n lè hùmọ̀ òkú torí owó, ẹnìkan yóò wí bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n òkú tí wọ́n hùmọ̀ gbọ́dọ̀ ní ojúlé, ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò kò sì ní ṣàìmọ̀ bóyá wọ́n sin ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Èyí tó le ni ohun tó pa á, nítorí ọ̀pọ̀ ló ń kú láìrí dókítà. Fún ìyẹn náà, ọ̀nà kan wà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là sílẹ̀: kí òṣìṣẹ́ ìlera tó gbọ́ èdè ẹbí dúró kí ọ̀fọ̀ fúyẹ́ díẹ̀, kó wá jókòó ti ìyá náà, kó sì máa bi í ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ṣé ara ọmọ gbóná? Ọjọ́ mélòó ló fi yàgbẹ́ gbuuru? Ṣé ó ń mí gúlegúle? Ìgbà wo ló kọ ọmú?